Oko Ẹ̀fọ́ Ìdílé Nígbà Òjò Àkọ́rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹ̀ka ìjọ gbogbo sọ ní ọjọ́ kejì àpéjọ wa

Àwọn tí ó ṣètò àpéjọ yìí ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé. Iṣẹ́ tí mo yàn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò béèrè ọkọ̀ akẹ́rù, kò béèrè owó báńkì, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ilẹ̀ tí ó lọ salalu. Oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni, èyí tí ìdílé kan lè fi ọkọ́ méjì àti garawa omi ṣe, tí a ń gbìn nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí a sì ń ká kí ọkà oko ńlá tó gbó.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ fi tó ohun tí a ń gbé wá síwájú àpéjọ? Èsì mi ni èyí. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, ọkà èṣí ti tán nínú àká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí àwa òjíṣẹ́ ń bẹ̀ wò, ti ọdún yìí sì ṣì wà ní tútù lóko. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ oko le jù, tí ara sì ń fẹ́ oúnjẹ jù. Ìgbà náà ni bàbá ń lọ yá owó. Ẹni tí ó bá sì yá owó ní oṣù keje yóò san án pẹ̀lú èlé ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ọkà pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń ta ọkà ní pọ̀ọ́kú, tí ó sì ń ra irú ọkà kan náà ní ọ̀wọ́n kí ọdún tó yí po. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. N kò sọ pé ẹ̀fọ́ yóò gba ipò ọkà. Ohun tí mo ń sọ ni pé oko ẹ̀fọ́ kékeré, tí a bá pèsè rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó dé, tí a sì pinnu ẹni tí àkọ́so rẹ̀ wà fún kí a tó gbìn ín, yóò fi ọbẹ̀ sínú ìkòkò, yóò sì fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ láti ra ọkà, kí ìdílé lè la oṣù ọ̀wọ́n kọjá láìwọ gbèsè.

ILẸ̀ TÍ MO Ń SỌ NÍPA RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ ti Jos ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ náà fi nǹkan bí 1,200 mítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, àwọn òkè Shere sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí gíga yìí ni otútù ibẹ̀ ṣe yàtọ̀, tí kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò, tí í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olótùútù, fi ń ṣe dáradára níbẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ yóò dé, ilẹ̀ yóò sì gbẹ fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń wa tánńganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, lórí ilẹ̀ yìí. Àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ kún fún omi, wọ́n sì di adágún. Nígbà tí iṣẹ́ kuza rẹ̀yìn ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ènìyàn yíjú sí fífi omi adágún wọ̀nyí ṣe oko ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọ́ wọn sì ń dé ọjà títí dé Èkó. Oko àwọn oníṣòwò ni púpọ̀ nínú ìyẹn. Oko tí mo ń sọ kéré sí i. Ẹ̀yìnkùlé ni ó wà, òjò ni yóò sì fún un lómi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Kano àti Sokoto mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ yín, òjò kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di oṣù kẹfà. Ẹ̀yin ará Accra àti Lomé mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń dé sí yín lọ́dún, ti ńlá láti nǹkan bí oṣù kẹrin, ti kékeré láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, kí olúkúlùkù fi oṣù tirẹ̀ rọ́pò oṣù tí mo bá dárúkọ. Ètò iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Bí ẹnìkan bá sì ní ilẹ̀ òun kò dára, kí ó rántí Anloga lẹ́bàá Keta, ní ilẹ̀ Ghana. Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ni, kìkì yanrìn ni ó sì jẹ́. Lórí yanrìn yìí ni àwọn Ewe ti ń fi ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ àdán àti ẹja ṣe ajílẹ̀ fún ebè kéékèèké, tí wọ́n ń gbin àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ajílẹ̀ àti ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ yanrìn náà di oko.

IṢẸ́ TÍ Ó ṢÁÁJÚ ÒJÒ

Ẹni tí ó bá dúró títí òjò fi rọ̀ kí ó tó wá ọkọ́, ó ti pẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ parí ní oṣù kejì àti oṣù kẹta.

Èkínní ni ọgbà. Ní oṣù kẹrin, ewé tútù kò tíì pọ̀ nínú igbó, ebi ń pa ewúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pa ènìyàn, ẹ̀fọ́ yín ni yóò sì kọ́kọ́ rí. Àwọn Berom, tí wọ́n wà lára àwọn onílẹ̀ òkè Jos, a máa fi igi oró ṣe ọgbà yí oko ẹ̀yìnkùlé wọn ká. Ewúrẹ́ kì í jẹ oró, oje rẹ̀ a sì máa ta ènìyàn lójú, nítorí náà kí àwọn ọmọdé má ṣe ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá ní oró, kí ó fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe é, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Èkejì ni ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ, ti ewúrẹ́ àti ti màlúù dára, ṣùgbọ́n kí a má ṣe lò ó ní tútù, pàápàá ti adìyẹ, nítorí a máa jó gbòǹgbò. Kí a dà á jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti ìdọ̀tí ilé ìdáná, kí a wọ́n omi sí i, kí a sì máa rò ó pọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù méjì, òórùn rẹ̀ yóò lọ, yóò sì dúdú bí ilẹ̀ igbó. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Jos ti ń kó eérú ààtàn ìlú lọ sóko, ó sì ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ààtàn òde òní kì í ṣe ti àtijọ́. Òkúta iná tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rá àti kùkù ọ̀dà wà nínú rẹ̀. Eérú àrò tìrẹ, tí o mọ igi tí a fi dá a, ni kí o lò. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó yanrìn tí ó ṣẹ́kù ní ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ kuza wá sí ebè ẹ̀fọ́, nítorí àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé àwọn òkìtì kan nínú wọn ní ìtànṣán tí ń pa ara lára.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò irúgbìn. Kí a ka irúgbìn mẹ́wàá, kí a fi aṣọ tútù wé e, kí a gbé e sí ibi tí kò gbóná jù, kí a má sì jẹ́ kí aṣọ náà gbẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, a ó mọ iye tí yóò hù. Bí mẹ́jọ bá hù, irúgbìn náà dára. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kí a gbìn ín ní ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí a tètè wá òmíràn. Kí irúgbìn kú nínú aṣọ ní oṣù kẹta sàn ju kí ó kú nínú ebè ní oṣù kẹrin lọ, nítorí ti aṣọ kò gba ọjọ́ kankan lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kẹrin ni títọ́ ọmọ irúgbìn. Tòmátì, ata, ìgbá àti kábéèjì kì í ṣe ohun tí a ń gbìn tààrà sí oko. Kí a ṣe ebè kan tí kò ju ẹní ìdùbúlẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí a fi koríko pa àtíbàbà rírẹlẹ̀ sórí rẹ̀, kí a sì máa wọ́n omi sí i láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tòmátì àti kábéèjì yóò ṣetán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ata a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí a lọ́ wọn, kí a máa ṣí àtíbàbà náà díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn lè kọ́ wọn ní agbára. Nínú ebè kékeré yìí ni àṣírí ìkórè kíákíá wà. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, aládùúgbò rẹ ń gbé irúgbìn sínú ilẹ̀, ìwọ sì ń lọ́ igi tòmátì tí ó ti ga tó ìka ọwọ́. Nǹkan bí oṣù kan ni o fi ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Omi garawa díẹ̀ lójúmọ́ ni o fi rà á.

ÒJÒ TÍ Ń TANNI

Àwa tí a ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ méjì yìí: àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Ní ilẹ̀ Palẹ́stínì, nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni àkọ́rọ̀ ń rọ̀, òun ni wọ́n fi ń túlẹ̀ gbin ọkà. Nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni àrọ̀kúrò, òun ni ó sì ń mú ọkà náà yó kí a tó kórè rẹ̀. Ìgbà tiwọn kì í ṣe ìgbà tiwa, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ibẹ̀ àti àgbẹ̀ ibí jọ mọ ohun kan: kì í ṣe gbogbo òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ ni òjò ọ̀gbìn.

Ní òkè Jos, òjò líle kan lè rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta pẹ̀lú ààrá àti yìnyín, kí gbogbo ènìyàn sì máa yọ̀. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀run lè mọ́ gaara fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Irúgbìn tí a ti gbìn yóò hù, yóò yọ ewé méjì, yóò sì kú. Ẹni tí ó gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan yóò padà lọ sí ọjà lọ rà á pẹ̀lú owó tí kò ní.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Kí a má ṣe wo ojú ọ̀run nìkan, kí a wo inú ilẹ̀. Kí a gbẹ́ ebè jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì fún un mọ́wọ́. Bí ó bá dì mọ́ ara wọn láìtú ká, omi ti dé ibi tí gbòǹgbò yóò dé. Bí ó bá ń dà bí eruku, orí ilẹ̀ nìkan ni òjò náà rìn. Síbẹ̀, àgbà tí ó mọ̀ ọ́n jùlọ pàápàá lè kà á ṣì. Nítorí náà kí a pín irúgbìn sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí a gbin ìdá kan nígbà tí ilẹ̀ bá kọ́kọ́ dì mọ́wọ́, ìdá kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti ìdá kẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Bí ọ̀dá bá pa ti àkọ́kọ́, èkejì ń bẹ nílé. Bí kò bá sì pa á, a ó máa ká ẹ̀fọ́ léraléra dípò kí gbogbo rẹ̀ gbó lọ́jọ́ kan.

EBÈ MẸ́FÀ

Ẹ jẹ́ kí a ro ìdílé ẹni mẹ́fà kan tí ó ní ebè mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí ó sì gùn ní ogún. Kí ebè má ṣe fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ lè ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a da ajílẹ̀ tí ó ti jinná sí ebè kọ̀ọ̀kan, kí a sì rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ebè kìíní jẹ́ ti tẹ̀tẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè pín in, nítorí náà kí a pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a ti ń jẹ ẹ́. Kò sí ohun mìíràn nínú oko tí ó yá bẹ́ẹ̀. Ebè kejì jẹ́ ti ewédú àti ṣọkọ, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé irúgbìn wọn láti ilé lọ sí àjò. Kí a tú irúgbìn ewédú sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀ kí a tó gbìn ín, nítorí èèpo rẹ̀ le. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó di ọbẹ̀. Ebè kẹta jẹ́ ti ilá, tí a rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi mọ́jú. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí so ní nǹkan bí oṣù méjì. Ebè kẹrin jẹ́ ti tòmátì àti ata tí a lọ́. Ebè karùn-ún, ní òkè Jos, jẹ́ ti pòtétò, tí í gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní ibi tí ilẹ̀ bá gbóná, kí a fi ẹ̀wà dípò rẹ̀, a ó sì máa ká ewé rẹ̀ tútù fún ọbẹ̀ kí ó tó so. Ebè kẹfà jẹ́ ti kábéèjì tàbí kárọ́ọ̀tì, tí a gbìn fún ọjà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá fọ́n tẹ̀tẹ̀ ní àárín oṣù kẹrin, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní àárín oṣù karùn-ún. Ewédú tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù náà. Ilá dé ní àárín oṣù kẹfà, tòmátì ní ìparí oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, pòtétò ní oṣù keje. Nígbà tí oṣù ọ̀wọ́n bá dé, kò bá ìdílé yìí ní ọwọ́ òfo.

Kí a mọ bí a ti ń ká a pẹ̀lú. Kí a má ṣe fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ tu. Kí a fa èyí tí ó há mọ́ra, kí a gé orí èyí tí ó kù, kí a sì fi ìdí sílẹ̀ kí ó lè tún pẹ̀ka. Kí a ká ilá ní ọjọ́ méjìméjì, nítorí bí èso rẹ̀ bá gbó lórí igi, igi náà yóò rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò sì ní so dáradára mọ́. Kí a ká ewé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí a sì gbé e sí abẹ́ ibòji, nítorí ewé tí oòrùn bá pa kò ní owó lórí mọ́.

ÀRÙN ÀTI KÒKÒRÒ

Ìdí tí mo fi pín oko yìí sí oríṣiríṣi kì í ṣe fún ẹwà. Ní ọdún 2014, àrùn tí ń sọ ewé pòtétò di dúdú bí ẹni pé iná jó o ja oko pòtétò ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó gbé gbogbo ohun ìní wọn lé pòtétò sì pàdánù. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ewé àti èso tòmátì, ba oko jẹ́ ní Kaduna, Kano àti Katsina tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo lè parun lọ́sẹ̀ kan. Mẹ́fà kì í sábà parun pọ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìbátan kan náà ni tòmátì, ata, ìgbá àti pòtétò. Àrùn tí ó bá mú ọ̀kan a máa dúró nínú ilẹ̀ de èkejì. Nítorí náà, ebè tí ọ̀kan nínú wọn jókòó sí lọ́dún yìí, ilá tàbí ẹ̀wà tàbí ewé ni kí ó jókòó síbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ewé tí ó bá ti dúdú, kí a já a, kí a sì sun ún, kí a má ṣe jù ú sínú òkìtì ajílẹ̀.

Nípa oògùn apakòkòrò, mo bẹ̀ yín. Oògùn tí a ṣe fún ẹ̀fọn àti aáyán kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Oògùn tí a ṣe fún oko pàápàá ní iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín fífọ́n rẹ̀ àti kíká. A kọ ọ́ sí ara ìgò. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé nínú ilé kà á sókè fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó fọ́n oògùn lónìí tí ó sì gbé ẹ̀fọ́ náà lọ sọ́jà lọ́la ti ta májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má sì ṣe rán ọmọdé nìkan lọ pọn omi ní adágún kuza. Etí rẹ̀ ga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, ẹni tí ó bá sì yọ̀ sínú rẹ̀ kì í rọrùn láti jáde.

TA NI ÀKỌ́SO WÀ FÚN?

Mo dé ibi tí ó nira jù. Ẹ̀fọ́ tí ó bá kọ́kọ́ jáde ni ó ń pa owó jù, nítorí kò tíì pọ̀ lọ́jà. Ìdí nìyí tí àwọn alájàpá fi máa ń wá bá àgbẹ̀ nínú oko, tí wọ́n ń san owó ebè kí èso tó pọ́n. Owó tí ó yá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ó tó. Àgbẹ̀ tí ó bá ta tòmátì rẹ̀ nígbà tí ó wà ní òdòdó ti bá ẹlòmíràn gbìn ín. Bí a bá ti ní tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a ń jẹ, agbára àtidúró títí èso yóò fi pọ́n yóò wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ebi kò pa lè na ọjà. Ẹni tí ebi ń pa, iye tí wọ́n bá dá ni yóò gbà.

Nítorí náà, kí ìdílé pinnu kí a tó gbin ohunkóhun. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ebè mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkòkò ọbẹ̀, kí a má sì tà nínú wọn àfi èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ilé ti yó. Kí ebè mẹ́ta yòókù jẹ́ ti ọjà, kí a sì fi owó wọn ra ọkà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbà mí láyè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá ni ó ń pọn omi, ìyá ni ó ń ro ebè, àwọn ọmọ ni ó ń lé ewúrẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀fọ́ náà bá jẹ́ ti ọbẹ̀, oko ìyá ni a ń pè é. Lọ́jọ́ tí ó bá di owó, a ó gbọ́ pé oko bàbá ni. Ìwà yìí ni ó ń pa oko ẹ̀yìnkùlé ju kòkòrò lọ, nítorí ẹni tí a gba èrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí kò ní jí ní kùtùkùtù lọ pọn omi lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ó yẹ kí ààlà wà láàárín ti ọkọ àti ti aya pẹ̀lú, kì í ṣe ààlà ìjà, bí kò ṣe ti òtítọ́. Kí a sọ níwájú àwọn ọmọ pé ebè báyìí ni ti ìyá yín, owó rẹ̀ sì di tirẹ̀. Kí a fún ọmọ tí ó ti lè di ọkọ́ mú ní ìdajì ebè kan, kí ó tà á, kí ó sì fi ra ìwé. Ẹ ó rí i pé kò ní dúró kí a pè é kí ó tó lọ ro ó.

Àwa òjíṣẹ́ pẹ̀lú ní ohun tí a gbọ́dọ̀ gbọ́. Inú wa a máa dùn nígbà tí a bá rí àkọ́so oko níwájú pẹpẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ọwọ́ lè mú. Ìdì ẹ̀fọ́ kan láti ilé tí àwọn ọmọ ti jẹun dára ju agbọ̀n kan lọ láti ilé tí wọ́n ti ń sunkún. Bí opó kan bá wà ní àdúgbò tí kò ní ẹni tí yóò bá a kọ ebè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà jẹ́ ibi tí ó yẹ láti gbé àkọ́so lọ.

IRÚGBÌN ỌDÚN TÍ Ń BỌ̀

Ìpín kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ tí a kò sì gbọ́dọ̀ tà, òun ni irúgbìn. Àṣà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni láti ká èyí tí ó dára jù, kí wọ́n sì fi èyí tí ó rán sílẹ̀ ṣe irúgbìn. Lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń yan aláìlera, lọ́dọọdún sì ni oko wọn ń rẹ̀yìn. Ẹ yí i padà. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá ń dàgbà, kí a so òwú pupa mọ́ igi méjì tí ó sanra jù, kí a má ṣe gé wọn. Igi tẹ̀tẹ̀ kan a máa mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn wá. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilá, kí a jẹ́ kí èso rẹ̀ gbẹ sórí igi. Kí a sá irúgbìn náà ní abẹ́ ibòji, kí a dà á sínú ìgò tí ó gbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí a sì kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Ẹ mọ̀ dájú pẹ̀lú pé irúgbìn alámùúlùmálà tí a rà nínú agolo kò ní bí ọmọ tí ó jọ ọ́. Irú ìyẹn, a ó tún un rà.

Ẹ̀yin ará mi, n kò ṣèlérí ọrọ̀ fún yín. Ebè mẹ́fà kò ní kọ́ ilé, kò sì ní ra ọkọ̀. Ohun tí yóò ṣe ni pé ní oṣù keje, nígbà tí ìyá bá ń gbé ìkòkò kaná, yóò mọ ohun tí yóò fi sínú rẹ̀, bàbá kò sì ní gba ẹ̀yìn ilé lọ bá olówó èlé. Àpéjọ yìí yóò tú, olúkúlùkù yóò sì padà sí ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkìtì ajílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá délé. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ fún ebè mẹ́fà, kí ó kọ méjì. Ẹni tí ó bá ní irúgbìn, kí ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní ìkúnwọ́ kan, kí ó sì kọ́ ọ bí a ti ń fi aṣọ tútù dán an wò.

Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.